Ẹ̀gẹ́ Kì Í Sá, Ṣùgbọ́n Kì Í Káwọ́ Lẹ́rán: Bí Ohun Ọ̀gbìn Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Ṣe Ń Bá Ọ̀tá Rẹ̀ Jà



 

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bàbá àgbẹ̀ kan láti ìhà Ọ̀dẹ̀dá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí lẹ́yìn tí a kírun tán. Ó tú ọ̀rá dúdú kan, ó mú ewé ẹ̀gẹ́ mẹ́ta jáde nínú rẹ̀. Àwọn ewé náà ti ká kò, wọ́n ti lọ́, àwọ̀ ìyeyè sì ti dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé lára wọn.

Ó ní, "Ààfáà, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n ti ṣe oko mi."

Mo bi í pé, "Ta ni ó ṣe é, Bàbá?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá sọ fún mi pé àbúrò òun ni, ọmọ bàbá òun. Aáwọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín àwọn méjèèjì láti ọdún tí ó kọjá. Ó ní ẹ̀gẹ́ àbúrò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun, ó tutù yọ̀yọ̀, tòun nìkan ni ó rí báyìí. Ó fẹ́ kí n fún òun ní àdúà tí yóò dá ohun tí wọ́n rán padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an.

Mi ò fún un ní irú àdúà bẹ́ẹ̀. Mo kàn bi í pé níbo ni ó ti rí igi ẹ̀gẹ́ tí ó gbìn. Ó ní, "Oko mi ti èṣí náà ni mo ti gé e." Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó padà wá ní Jímọ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń ní irú èrò yìí. Ilé kéwú ni èmi ti kẹ́kọ̀ọ́, n kò ka ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn máa ń gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ̀, ẹni tí ó bá sì béèrè ni yóò gbọ́.

Ẹni tí kò lè sá

Bí ewúrẹ́ bá rí ajá tí ó fẹ́ bù ú jẹ, yóò sá. Bí ara ènìyàn kò bá yá, yóò lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbin ẹ̀gẹ́ sí ni yóò dúró sí títí a ó fi wú u. Kòkòrò ń jẹ ewé rẹ̀, àwọn mìíràn ń fa omi ara rẹ̀, àwọn kan wà nínú ilẹ̀ tí ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Àrùn tí ojú lásán kò lè rí ń wọ inú rẹ̀. Bí igi àti koríko kò bá ní ohun ìjà kankan, ewé tútù kì bá tí kù sórí ilẹ̀ mọ́.

Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí wọn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Àwọ̀ òde ewé jẹ́ odi. Oje funfun tí ń ṣàn bí a bá ya ewé ẹ̀gẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu kòkòrò. Bí àrùn bá wọ ojú kan lára ewé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ọ̀gbìn, ewé náà lè pa ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àrùn má baà rí ọ̀nà kọjá. Bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń ro àyíká oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, kí iná ọdẹ má baà jó wọlé. Àmì dúdú kékeré tí ẹ ń rí lára ewé nígbà mìíràn lè jẹ́ ojú ibi tí ìjà ti parí, tí ewé sì ti borí.

Mo fẹ́ mú ohun ìjà mẹ́ta péré nínú ti ẹ̀gẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò. Ìdí tí mo fi mú ẹ̀gẹ́ ni pé òun ni gàrí wa, òun ni fùfú wa, òun sì ni láfún tí wọ́n fi ń mọ àwa Ẹ̀gbá káàkiri. Yálà ẹ̀gẹ́ ni ẹ ń pè é, tàbí gbágùúdá, tàbí pákí, nǹkan kan náà ni. Ohun ìjà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwa tí a ń gbìn ín, tí a sì ń jẹ ẹ́. Bí a kò bá mọ ohun tí ó ń béèrè, àwa náà ni yóò pa lára.

Ohun ìjà kìíní: májèlé tí ó wà nínú yàrá méjì

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni a fi ẹyọ kéékèèké mọ, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́, ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Tí ó bá dá wà, kì í ṣe nǹkan kan fún ẹ̀gẹ́ náà. Lára ògiri sẹ́ẹ̀lì yẹn ni ohun kejì wà, orúkọ rẹ̀ ni linamarase. Ògiri ló pààlà sí wọn láàárín, wọn kì í pàdé.

Ní ọjọ́ tí kòkòrò tàbí ẹranko bá gé ewé náà jẹ, tàbí tí ó bá bu gbòǹgbò rẹ̀ jẹ, ògiri a wó, ohun méjèèjì a pàdé. Bí wọ́n bá ti pàdé, ohun tí wọn yóò bí ni sáyánáìdì, májèlé tí kì í jẹ́ kí ara lè lo afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Ẹ̀gẹ́ kì í po májèlé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ ìjà. Ọ̀tá fúnra rẹ̀ ni yóò fi eyín pò ó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹranko fi ń yẹra fún ẹ̀gẹ́ kíkorò. Àwọn àgbẹ̀ kan fẹ́ràn èyí tí ó korò yẹn gan-an, nítorí olè àti ẹranko kì í fẹ́ dá a láàmú.

Ẹ̀gẹ́ kò mọ̀ pé Ìyá Ṣadé ni ó ń rin òun lórí ẹ̀rọ, kì í ṣe òkété. Bí a bá bó o, tí a gé e, tí a rin ín, lójú tirẹ̀ ọ̀tá ti dé, májèlé a sì jáde. Iṣẹ́ gbogbo tí àwọn ìyá wa ń ṣe lẹ́yìn náà, láti lé májèlé yẹn jáde ni. Nínú gàrí, rírin máa ń jẹ́ kí ohun méjèèjì pàdé dáadáa. Ọjọ́ tí ó fi wà nínú àpò tí ó ń kan máa ń fún wọn láyè láti parí iṣẹ́ wọn. Fífún un lábẹ́ jáàkì máa ń lé omi tí májèlé wà nínú rẹ̀ jáde, iná tí a fi ń yan án a sì gbé èyí tí ó kù lọ sínú afẹ́fẹ́.

Ti láfún yàtọ̀ díẹ̀. A kì í rin ín. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó gé e, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí márùn-ún, títí yóò fi rọ̀, kí a tó sá a sínú oòrùn, kí a sì lọ̀ ọ́. Nínú omi yẹn, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí ń jẹ ògiri sẹ́ẹ̀lì náà díẹ̀díẹ̀, ohun méjèèjì ń pàdé, omi sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìyá ìyá wa kò ní yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí kò pé ọjọ́ nínú omi kì í ṣe oúnjẹ.

Nítorí náà, ohun tí ohun ìjà kìíní yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa ni àkókò. Ẹni tí ó bá rẹ láfún fún ọjọ́ kan nítorí ọjọ́ ọjà ti súnmọ́, tàbí tí ó sá ẹ̀gẹ́ tútù sínú oòrùn lásán láìrẹ ẹ́, májèlé tí ó fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ. Bákan náà ni ẹni tí ó da nǹkan mìíràn sínú omi kí ẹ̀gẹ́ lè tètè rọ̀. Rírọ̀ tí a fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mú wá kì í ṣe ẹ̀rí pé májèlé ti lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà ni mo ń sọ. Ní Kóńgò, Mòsáńbíìkì àti Tansaníà, àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní konzo. Ó máa ń dé nígbà ọ̀dá tàbí ogun, nígbà tí ebi bá mú kí àwọn ènìyàn gé ọjọ́ rírẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò kù, tí kò sì sí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tí wọn yóò fi jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì a kàn le gan-an lójijì, kò sì ní wò mọ́. Àwọn ọmọdé àti obìnrin ni ó máa ń mú jù. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí láti àwọn ọdún 1960 nípa àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú wọn sì ń ṣú, láwọn ibi bí Ẹ̀pẹ́, ó sì so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn olùwádìí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n gbà pé ẹ̀gẹ́ tí a ṣe dáadáa, tí a sì fi ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran jẹ, ni ó dára fún ara.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa jẹ ẹ̀gẹ́ tútù kíkorò. Ẹ má da èèpo ẹ̀gẹ́ tútù fún ewúrẹ́ ní ọ̀pọ̀ yanturu, ẹ kọ́kọ́ sá a kí ó gbẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí omi tí ó jáde lábẹ́ jáàkì ṣàn lọ síbi tí ẹran ti ń mu omi. Ẹni tí ó bá ń tà á sì gbọ́dọ̀ rántí pé ẹni tí ó rà á ní Kútọ̀ tàbí Làfẹ́ńwá kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ń rẹ ẹ́. Àmáánà ni ó wà láàárín wọn.

Ohun ìjà kejì: gígé lẹ́tà ọ̀tá sí wẹ́wẹ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ewé tí bàbá Ọ̀dẹ̀dá mú wá. Àrùn tí ń mú ewé ẹ̀gẹ́ ká kò, tí ń fi àwọ̀ ìyeyè sí i lára, fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Fáírọ́ọ̀sì kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Kò lẹ́nu tí yóò fi jẹ ewé, nítorí náà májèlé inú ewé kò lè mú un. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń pàṣẹ níbẹ̀ bí ẹni tí ó kọ lẹ́tà èké tí ó fi èdìdì ọba sí i. Sẹ́ẹ̀lì a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà fáírọ́ọ̀sì dípò kí ó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ewé kò ní lè ṣe oúnjẹ mọ́ bí ó ṣe yẹ, gbòǹgbò kò sì ní sanra.

Báwo ni ẹ̀gẹ́ ṣe ń bá a jà? Ó ní ọ̀nà tí ó fi ń dá lẹ́tà èké yẹn mọ̀. Bí ó bá ti dá a mọ̀, yóò gé e sí wẹ́wẹ́. Kò ní kó wẹ́wẹ́ náà dànù, yóò fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ tí yóò máa fi wá àwọn lẹ́tà mìíràn tí ó jọ ọ́, kí ó gé àwọn náà. Ìròyìn yìí lè gba ara igi náà lọ sókè, dé ibi tí ewé tuntun ti ń yọ. Nítorí èyí ni ẹ fi ń rí ẹ̀gẹ́ kan tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣàìsàn, tí ewé òkè rẹ̀ sì jáde ní mímọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá náà gbọ́n. Fáírọ́ọ̀sì ní ohun tí ó fi ń di ọwọ́ ẹ̀gẹ́ mú kí ó má lè gé lẹ́tà. Bí oríṣi fáírọ́ọ̀sì méjì bá sì pàdé nínú igi kan, wọ́n máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ùgáńdà láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ inú àwọn ọdún 1990 nìyí. Oríṣi tuntun kan tí ó le gan-an bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì fi oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ebi sì wọ ìlú.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá kò jìnnà sí wa. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ní Amani, ní Tansaníà, ti mú ẹ̀gẹ́ bá igi rọ́bà kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ láti Bùràsíìlì lò pọ̀, nítorí igi rọ́bà yẹn mọ bí a ṣe ń bá fáírọ́ọ̀sì jà. Irúgbìn láti ibẹ̀ dé Moor Plantation ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950. Ní 1971, ọmọ Kòríà kan, Dókítà Sang Ki Hahn, dé sí IITA ní Ìbàdàn, ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ irúgbìn náà ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Lára ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni èyí tí wọ́n ń pè ní TMS 30572, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ti gbìn láìmọ orúkọ rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tí wọ́n gbé lọ sí Ùgáńdà nígbà tí ìyà ń jẹ wọ́n. Àwọn ará Ìkirè mọ rírì Hahn débi pé wọ́n fi í jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Ó tún ku èyí tí ó dùn mọ́ mi jù. Kì í ṣe ìbátan láti ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ó ní agbára yìí. Nínú ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa ní Nàìjíríà ti ń gbìn tipẹ́, àwọn onímọ̀ rí àwọn kan tí àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Wọ́n fún ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ TME 3. Ní 2022, wọ́n gbé e jáde pé ìyípadà kékeré kan nínú ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń lò láti ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ ni ó ń fún irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbára. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń yan igi tí ó dára, tí wọ́n sì ń fi í tọrẹ láti abúlé dé abúlé, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

Kí ni ohun ìjà kejì yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa? Pé kí a má fi ọwọ́ ara wa gbé ọ̀tá wọlé. Ọ̀nà méjì ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbà dé oko. Èkíní ni eṣinṣin funfun kékeré tí ń fò lábẹ́ ewé. Èkejì, èyí tí ó burú jù, ni igi ẹ̀gẹ́ tí a gé lára èyí tí ó ti ṣàìsàn. Bí eṣinṣin bá mú àrùn wá bá ẹ̀gẹ́ tí ó ti dàgbà, ẹ̀gẹ́ náà lè ta gbòǹgbò díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti inú igi tí a gbìn gbé àrùn wá, láti ọjọ́ tí ó ti hù ni ìjà ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ohun ìjà kẹta: pípe olùrànlọ́wọ́

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa ní ìpìlẹ̀. Àwọn Potogí ni ó gbé e wá sí Áfíríkà láti Bùràsíìlì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti ilé àtijọ́ kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, méjì nínú wọn tẹ̀ lé e dé. Ọ̀kan jẹ́ kòkòrò aláwọ̀ ewé tín-ín-tín tí ń fa omi ewé, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ùgáńdà ní 1971. Èkejì jẹ́ kòkòrò funfun tí ó dà bí ẹni da ìyẹ̀fun sára, tí wọ́n rí ní Kóńgò ní 1973. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, àwọn méjèèjì ti dé gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Kòkòrò funfun yìí kò nílò akọ rárá. Abo ni gbogbo wọn, abo sì ni wọ́n ń bí. Bí wọ́n bá bo orí ẹ̀gẹ́, ewé òkè a ṣù pọ̀ bí ìkúùkù, igi a lọ́, a sì kúrú. Àwọn àgbàlagbà tí ó dáko ní ìgbà náà lè rántí bí oko ṣe funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀gẹ́ ní ohun tí ó ń ṣe sí i. Bí kòkòrò bá ti ń fa omi ara rẹ̀, òórùn tí ó ń tú sínú afẹ́fẹ́ a yí padà. Imú tiwa kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìkéde fún àwọn agbọ́n kéékèèké kan tí ń fi ọmọ wọn sínú kòkòrò náà. Agbọ́n a yé ẹyin sínú kòkòrò, ọmọ a jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi kú. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nílẹ̀ wa, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe náà. Ẹ̀gẹ́ ń ké, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lókè òkun.

Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Swítsàlandì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn, ni ó ṣáájú nínú wíwá wọn. Ní 1981, wọ́n rí kòkòrò funfun náà àti agbọ́n rẹ̀ ní Paragúáì. Wọ́n kò kàn kó agbọ́n náà wá. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò pa nǹkan mìíràn lára, kí wọ́n tó gbé e dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1981 náà ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wa níbí. Ó ń fò láti oko dé oko, ó ń wá òórùn yẹn kiri. Ní 1987, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò fi hàn pé òórùn ẹ̀gẹ́ tí kòkòrò ti kọlù máa ń fa agbọ́n yìí mọ́ra. Nígbà tí ó yá, ó tàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́, kòkòrò funfun sì dínkù jọjọ. Wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Láìsí ògùn tí a rà, láìsí owó tí àgbẹ̀ san, ọ̀pọ̀ ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ ebi.

Ti kòkòrò aláwọ̀ ewé náà tún yà mí lẹ́nu. Kòkòrò kékeré mìíràn ni ó ń jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n mú wá láti Bùràsíìlì, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1993. Lọ́sàn-án, orí ẹ̀gẹ́ gan-an, láàárín ewé jòjòló tí kò tíì là, ni ó máa ń sá pamọ́ sí. Lálẹ́ ni yóò sọ̀kalẹ̀ lọ ṣọdẹ. Ẹ̀gẹ́ tí orí rẹ̀ ní irun ni ó sì fẹ́ràn jù. Ẹ̀gẹ́ náà ló fún ọlọ́dẹ rẹ̀ ní ilé gbé.

Ohun tí ohun ìjà kẹta yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí a má pa àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ó bá rí nǹkan funfun lára ẹ̀gẹ́, tí ó sáré ra ògùn apakòkòrò lọ́jà, tí ó fín in káàkiri, agbọ́n ni yóò kọ́kọ́ pa. Kòkòrò funfun ní ẹ̀pa lára tí kì í jẹ́ kí ògùn tètè dé ara rẹ̀. Yóò kù, yóò bí sí i, kò sì ní sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ mọ́.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé igi tí ẹ ó gbìn, ẹ má dúró di ìgbà tí ewé bá ti wọ́ tán. Ẹ wọ inú oko nígbà tí ewé ṣì wà, ẹ fi aṣọ tàbí okùn sàmì sí èyí tí ara rẹ̀ dá, lára ìyẹn nìkan ni kí ẹ ti gé. Bí ẹ̀gẹ́ bá hù, tí ewé rẹ̀ ká kò láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, ẹ fà á tu, ẹ gbé e kúrò lóko, kí eṣinṣin má baà gbé e fún àwọn yòókù. Bí gbogbo oko bá ti bàjẹ́, ẹ wá igi tuntun. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP, tàbí ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) tí ó wà nílùú wa ní Abẹ́òkúta níbí, tàbí ní IITA ní Ìbàdàn. Ẹ má sì gba igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀, bó ti wù kí ó wuyì tó. Àrùn mìíràn wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tí ń jẹ gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ rà nínú ilẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì lè dára lójú. A kò fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ẹ tó fín ògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Bí ẹ bá sì wú u tán, ẹ fún un ní ọjọ́ tí ó tọ́ sí i nínú omi.

Bàbá Ọ̀dẹ̀dá padà wá ní Jímọ̀ kejì bí a ṣe ṣàdéhùn. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Mo bi í pé ṣé ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ń ká kò láti èṣí. Ó ronú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò tó ti ọdún yìí. Mo bi í pé níbo ni àbúrò rẹ̀ ti rí igi tirẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ó ra tuntun lọ́wọ́ àwọn tí ń ta irúgbìn.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ààfáà, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e lọ sóko?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá mọ̀ báyìí."

Aáwọ̀ ilẹ̀ àwọn méjèèjì kò tíì parí, ó ṣì wà níwájú àwọn àgbà ẹbí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kí ara wọn. Nígbà tí àbúrò náà sì wú ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, ó di ìdì igi mẹ́fà sọ́tọ̀, ó fi ọmọ rẹ̀ rán an sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun bá wa fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi àìmọ̀ ba àárín ẹbí jẹ́. Àmín.